Èékánná ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín: òfin wo ló yẹ ká bá jà, èwo ló yẹ ká gbà?

Bí ọmọbìnrin kan láti Ìkìrun, Ìníṣà tàbí Òkukù bá rí ààyè wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín, ayọ̀ náà kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Àdúgbò á gbọ́, àwọn ará mọ́sálásí á bá bàbá rẹ̀ yọ̀, ẹgbẹ́ àsàlátù ìyá rẹ̀ á ṣe àdúà fún un. Ẹ̀kọ́ náà tó ọdún mẹ́fà, kò sì sí èyíkéyìí nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀ka yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù, ìmọ̀ ìṣàkóso àti ti àwùjọ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ yóò fi ilé sílẹ̀, yóò gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, Ìbàdàn tàbí Èkó.

Nǹkan méjì ló máa ń pàdé rẹ̀ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Èkíní ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí èékánná wọn ń dán: àwọn kan kun kútẹ́ẹ̀sì, àwọn kan ṣe jẹ́ẹ̀lì, àwọn kan sì lẹ èékánná àtọwọ́dá mọ́ tiwọn. Èkejì ni òfin tí yóò bá pàdé nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan aláìsàn: gé èékánná rẹ kúrú, má kun ún, má lẹ ohunkóhun mọ́ ọn.

Àwọn òbí kan tí wọ́n gbọ́ irú òfin yìí á ní, “Wọ́n tún ti dé! Lónìí èékánná, lọ́la híjáàbù.” Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kà á sí. Bí ọmọ bá wálé fún wọlímọ̀ tàbí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n á fún un lówó kí ó lọ ṣe èékánná bíi ti àwọn yòókù, kí ó má baà dá yàtọ̀ nínú fọ́tò. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ọwọ́ yẹn kan náà ni yóò gbé padà sí ẹnu aláìsàn.

Lójú tiwa, ìhà méjèèjì yìí ló kù díẹ̀ káàtó. Òfin èékánná kì í ṣe ẹ̀gbọ́n òfin tó ń bọ́ híjáàbù lórí ọmọ wa. Ó wà lára ìwọ̀nba ibi tí ohun tí ilé ìwòsàn ń béèrè àti ohun tí ẹ̀sìn wa ń béèrè ti pàdé. Bí a kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, a ó fi agbára wa ṣòfò lórí ohun tí kò tọ́ sí wa, a ó sì dákẹ́ níbi tó yẹ ká ti sọ̀rọ̀.

Ìdí tí ara wa fi máa ń fu

A kò dá àwọn òbí tó ń fura lẹ́bi. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ híjáàbù àwọn ọmọ ilé ìwé dé. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2016, Adájọ́ Jide Falola ti ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti lo híjáàbù ní àwọn ilé ìwé ìjọba. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, wọn kò jẹ́ kí Firdaus Amasa, tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń sọ ènìyàn di lọ́yà ní Abuja, nítorí híjáàbù tó wọ̀ sábẹ́ wíìgì. Oṣù keje ọdún 2018 ni wọ́n tó pè é wọlé, híjáàbù rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí fìdí ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀ lórí ẹjọ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìbéèrè méjì ló yẹ ká máa bi òfin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé ka iwájú ọmọ wa. Ta ni òfin náà ń dáàbò bò? Ṣé orí gbogbo ènìyàn ló sì dé? Ìbòrí ọmọ tó jókòó sí kíláàsì kò pa ẹnikẹ́ni lára, ìdí nìyẹn tí òfin tó gbógun tì í fi wó nílé ẹjọ́. Ti èékánná yàtọ̀. Ẹni tó ń dáàbò bò ni aláìsàn tó la ẹnu sílẹ̀ tí kò lè rí ohun tó wà lábẹ́ ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, obìnrin tàbí ọkùnrin, gbogbo wọn ló sì dè.

Ohun tí ilé ìwòsàn ń wò

Ní ọdún 2009, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà kan jáde lórí ìmọ́tótó ọwọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ohun tí ó sọ nípa èékánná kò gùn: ẹni tó ń fọwọ́ kan aláìsàn kò gbọdọ̀ lo èékánná àlẹ̀mọ́, kí èékánná tirẹ̀ náà sì kúrú, kí orí rẹ̀ má tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà.

Wọn kò dédé sọ bẹ́ẹ̀. Lára àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣí àwọn onímọ̀ lójú ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997 dé oṣù kẹta ọdún 1998. Ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tuntun tí ara wọn kò le, kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas wọ ara ọmọ 46 nínú 439 tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn. Nínú àwọn 46 yìí, 16 kú. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé àrùn náà bá àwọn ọmọ tí nọ́ọ̀sì méjì kan tọ́jú ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní èékánná gígùn tirẹ̀, èkejì lo èékánná àlẹ̀mọ́ gígùn. Àwọn olùwádìí kò sọ pé èékánná nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọṣẹ àti omi kì í dé abẹ́ èékánná gígùn dáadáa, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àrùn ti máa ń rí ibùgbé.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣebí dókítà eyín ń wọ ìbọ̀wọ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀. Èkíní, èékánná gígùn máa ń ya ìbọ̀wọ́, ìbọ̀wọ́ sì lè ní ihò tíntìn-tín tí ojú kò rí. Èkejì, abẹ́ ìbọ̀wọ́ gbóná ó sì tutù fún òógùn, ibi tí kòkòrò àrùn fẹ́ràn láti pọ̀ sí nìyẹn. Ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ ni dókítà eyín ń bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà wa. Kó tó di ọdún 1980 sí 1989 tí ìbẹ̀rù àrùn AIDS gba ayé kan, ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ dókítà eyín fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu aláìsàn. Ìbọ̀wọ́ dé, ó dára, ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ di ohun tí a kò ní tọ́jú mọ́.

Ní ti kútẹ́ẹ̀sì lásán, òótọ́ ló yẹ ká sọ. Ìwádìí kò fi hàn pé kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sórí èékánná kúkúrú léwu bíi ti èékánná àlẹ̀mọ́. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ojú ibi tó ṣí máa ń gba ìdọ̀tí, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń bo ohun tó wà lábẹ́ èékánná mọ́lẹ̀. Olùkọ́ tó ní ogójì ọmọ níwájú kò lè máa yẹ ìka wò lọ́kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ láti mọ ti ta ló ṣì dán àti ti ta ló ti ya. Ó rọrùn, ó sì ṣe déédé, kí ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kùn ún.

Èékánná tó ti ọwọ́ oníṣẹ́ eyín jáde

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, tó sì kan ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ eyín ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú yàrá iṣẹ́ eyín ni èékánná àtọwọ́dá ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí àwọn oníṣòwò èékánná fúnra wọn ń sọ ni pé ní ọdún 1954, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, Fred Slack, ṣe èékánná rẹ̀ léṣe lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi èròjà tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá mọ òmíràn sí i. Láti ibẹ̀ ló ti di òwò.

Títí di òní, mọ̀lẹ́bí kan náà ni èròjà jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi iná mú gan ní ṣọ́ọ̀bù èékánná àti èyí tí dókítà eyín fi ń dí ihò eyín. Methacrylate ni wọ́n ń pe ìdílé èròjà náà. Nígbà tó bá ṣì rọ̀, tí iná kò tíì mú un gan tán, bó bá kan awọ ara léraléra, ara àwọn ènìyàn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Ọwọ́ á máa yún wọn, á máa pupa, á máa bó. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Britain kéde ìkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá fún àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn nílé. Ara tó bá sì ti kọ èròjà yìí, ó sábà máa ń kọ̀ ọ́ títí láé.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ tí ẹ náwó lé lórí fún ọdún mẹ́fà lè débi iṣẹ́ kí ó wá rí i pé ara òun kò gba èròjà tí òun yóò máa fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, nítorí jẹ́ẹ̀lì tí òun ń ṣe fún òde ìyàwó. Ìbọ̀wọ́ tó fẹ́lẹ́ kò sì lè dá a dúró pẹ́, nítorí èròjà náà máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. A kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá ṣe jẹ́ẹ̀lì ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ fi èròjà yìí jẹun láyé rẹ̀ kò yẹ kó máa fi í ṣeré. Láti ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025 ni ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù náà ti fòfin de TPO, èròjà mìíràn tó wà nínú ọ̀pọ̀ jẹ́ẹ̀lì èékánná, nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè ṣèpalára fún ọmọ bíbí.

Ohun tí ẹ̀sìn ń wò

Ní ti ẹ̀sìn wa, ọ̀rọ̀ náà kò ṣókùnkùn. Súúratul Máídà, áyà 6, pàṣẹ fún ẹni tó fẹ́ kírun láti fọ ojú rẹ̀, kí ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Èékánná wà lára ọwọ́. Kútẹ́ẹ̀sì máa ń gan di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀, omi kì í kan ohun tó wà lábẹ́. Bákan náà ni jẹ́ẹ̀lì àti èékánná àlẹ̀mọ́, wọ́n tilẹ̀ tún nípọn jù ú lọ. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ọkùnrin kan ṣe àlùwàlá, ibi tó tó èékánná péré ni omi kò kàn ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí ó padà lọ tún un ṣe dáadáa. Bí ibi tó tó èékánná kan bá rí báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa èékánná mẹ́wàá?

Àlùwàlá nìkan kọ́. Ìwẹ̀ janaba àti ìwẹ̀ tí obìnrin ń wẹ̀ lẹ́yìn nǹkan oṣù náà ní kí omi kan gbogbo ara. Kútẹ́ẹ̀sì ṣeé fi oògùn rẹ̀ nù kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì àti èékánná àlẹ̀mọ́ kì í kúrò bẹ́ẹ̀, wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin tó bá kun kútẹ́ẹ̀sì lásìkò nǹkan oṣù rẹ̀, tó sì nù ún kúrò kó tó wẹ̀, fi wà ní ipò tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó lẹ èékánná mọ́wọ́ ní ọjọ́ tó yẹ kó kírun márààrún.

Kí èékánná kúrú gan-an wà lára ìmọ́tótó tí Ànábì wa kọ́ wa. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé èékánná gígé wà lára nǹkan márùn-ún tó bá àdámọ́ ọmọ ènìyàn mu. Anas sì sọ pé wọ́n fún àwọn ní gbèdéke pé kí àwọn má ṣe fi í sílẹ̀ ju ogójì ọjọ́ lọ. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá sọ fún ọmọ wa pé kí ó gé èékánná rẹ̀, ohun tó yẹ kí ó ti gbọ́ nílé kéú ló ń gbọ́ padà.

Ó ku ti kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní “èyí tí omi ń gbà kọjá”. Ilé iṣẹ́ Inglot ti ilẹ̀ Poland ni òkìkí rẹ̀ kàn jù ní nǹkan bí ọdún 2013, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti ń tà á láti ìgbà náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fẹnu kò lórí rẹ̀, torí pé ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sára ìgò yàtọ̀ sí kí omi kan èékánná ní tòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kí ó bi áàfà rẹ̀ léèrè. Ṣùgbọ́n kódà bí áàfà bá gbà á láàyè fún ìrun, kò tíì yanjú ti ilé ìwòsàn. Òfin ibẹ̀ kò béèrè bóyá omi ń gbà á kọjá, ohun tó ń wò ni bóyá ọ̀dà wà lórí èékánná.

Ibi tó yẹ ká ti sọ̀rọ̀

Bí a bá ti gba òfin èékánná tọkàntọkàn, ẹnu wa á tó ọ̀rọ̀ lórí àwọn ohun mìíràn. Àkọ́kọ́ ni làálì. Làálì ìbílẹ̀ máa ń yí àwọ̀ èékánná àti awọ ara padà ni, kì í fi awọ kankan lé e lórí, kì í ṣí, omi sì ń kan ara lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ẹ̀ṣọ́ àwọn obìnrin wa láti ìgbà pípẹ́. Bí ọmọ wa bá padà láti ìgbéyàwó pẹ̀lú làálì lọ́wọ́, tí èékánná rẹ̀ kúrú, tí wọ́n sì fẹ́ lé e jáde ní kíliníìkì bí ẹni tó kun kútẹ́ẹ̀sì, ó tọ́ kí ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àmọ́ kí ó ṣọ́ra fún làálì dúdú tí wọ́n fi kẹ́míkà ìkunrun pò, torí ó lè jó awọ ara.

Èkejì ni apá aṣọ. Ní ilẹ̀ England, ní ọdún 2007, ìjọba kéde pé kí òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú aláìsàn má bo ọwọ́ láti ìgúnpá wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà nira fún ọ̀pọ̀ arábìnrin Mùsùlùmí. Àwọn aṣojú Mùsùlùmí jókòó bá wọn sọ ọ́, nígbà tó sì di ọdún 2010, ìlànà tuntun gbà pé wọ́n lè lo àbọ̀ apá aṣọ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sọ nù, bí ìbọ̀wọ́, láti bo ibẹ̀, bí wọ́n bá ń fọ ọwọ́ wọn dáadáa. Wọn kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́. Wọ́n gba ìmọ́tótó náà, wọ́n wá ọ̀nà tí aṣọ kò fi ní dí i lọ́wọ́. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún wa níbí pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ MSSN wà ní àwọn yunifásítì wa, ẹgbẹ́ IMAN ti àwọn dókítà Mùsùlùmí náà wà. Kí ọmọ tó ní ìṣòro lọ bá wọn, kí wọ́n jọ kọ lẹ́tà, dípò kí ó dá nìkan bá olùkọ́ rẹ̀ jà nínú kíliníìkì.

Ẹ̀kẹta ni ìdọ́gba. Bí wọ́n bá ń lé ọmọ Mùsùlùmí jáde nítorí kútẹ́ẹ̀sì, tí ẹlòmíràn sì ń wọlé pẹ̀lú èékánná àlẹ̀mọ́, òfin ti di ojúsàájú nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí èékánná tirẹ̀ kúrú tó sì mọ́ nìkan ló lè gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ọ̀gá.

Iṣẹ́ tó kù sílé

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ bá wálé fún òde, ẹ má fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò dán. Bí ó bá fẹ́ ṣe ọwọ́ lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ pe onílàálì fún un. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má kàn jágbe mọ́ ọn pé èèwọ̀ ni. Ẹ jókòó tì í, ẹ sọ ohun tí ìrun rẹ̀ fẹ́ àti ohun tí aláìsàn rẹ̀ fẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ lè mọ ìdí rẹ̀ nígbà tó bá dá wà níbi tí ojú yín kò tó. Ẹ̀yin áàfà, a bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní àlùwàlá, ẹ fi ti èékánná àlẹ̀mọ́ àti jẹ́ẹ̀lì kún un, torí àwọn nìyẹn ló gbòde báyìí.

Gbogbo àwa yòókù tí eyín máa ń dùn, tí à ń gba ilé ìwòsàn lọ, ẹ̀tọ́ wa ni láti fi sùúrù béèrè pé kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí wa lẹ́nu fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ Ìkìrun, Ìníṣà tàbí Òkukù ni yóò dúró lórí àga àwọn ará ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà eyín. Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí ó kàwé yìí já, kí ó fi àlàáfíà ṣe iṣẹ́ náà, kí ó sì jẹ́ kí ìrun rẹ̀ jẹ́ àtẹ́wọ́gbà. Àmín.